Oògùn Tí Mo Já Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Títí di òní, àwọn kan ṣì wà nínú ẹbí ọkọ mi ní Kétu tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ júwe mi fún àlejò, wọn kì í sọ pé èmi ni ìyàwó tó ń ránṣọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ìyàwó tó já oògùn gbà lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n á sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ olè. Mi ò bá wọn jiyàn rí. Mo já a gbà. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi já a gbà, níṣojú ọmọ ilé àti ayálégbé, bí ọjọ́ náà bá sì tún padà wá lọ́la, màá tún já a gbà.

Ilé náà kò jìnnà sí títì Ìkòròdú. Àwọn ẹbí ọkọ mi wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ ládùúgbò yẹn kí ilé tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, nítorí náà ìyá ọkọ mi kì í ṣe ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan, òun ni onílé. Yàrá yí àgbàlá ká, ayálégbé kún inú wọn, gbogbo wọn ló ń pè é ní Màmá. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, ó sì fẹ́ràn aṣọ dé góńgó. Aṣọ yìí ló sọ èmi pẹ̀lú rẹ̀ di ọ̀rẹ́. Òun ló ní kí n gbé máṣíìnì mi sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, òun náà sì ni oníbàárà mi tó ń yọ mí lẹ́nu jù. Apá bùbá á ti gùn jù, ọrùn á ti fún jù, á sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Màmá ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti ra oògùn fún un, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á fọ́ gbogbo hóró rẹ̀ jáde kúrò nínú bébà tó ń dán yẹn, á ju páálí rẹ̀ dànù, á wá da àwọn hóró náà sínú agolo wàrà kan tó ti dógùn-ún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ara ríro, oògùn ibà tó ṣẹ́kù, fítámì àwọn ọmọ, inú agolo kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ó ní páálí ń gba àyè. Àwọ̀ ló fi ń dá wọn mọ̀: pupa ni ti ẹ̀jẹ̀, funfun róbótó ni ti ara ríro. Ayálégbé tí orí bá ń fọ́, inú agolo yẹn ni Màmá ń tọwọ́ bọ̀ fún un. Bí mo bá ní, "Màmá, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ orúkọ eléyìí?" á wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ ṣe? Ṣé mo fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́ ni?"

Gbogbo àgbàlá á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í dé inú mi.

Páálí tó bá jù nù, èmi ni mo ń ṣà á. Páálí oògùn le, ó sì mọ níwọ̀n, ó dára púpọ̀ láti wé àjẹkù léèsì àti rìbọ́ọ̀nù mọ́ kó má baà lọ́ pọ̀. Dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi kún fún wọn. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ kan màá ṣà á débi tí màá fi wé òun náà mọ́ páálí.

Ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká, tí agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè kún etí títì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Màmá wú, ó pọ́n, kò sì lè tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, nítorí náà èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù aládàáni kan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní gáòtì ni, àrùn tó máa ń mú oríkèé wú. Ó kọ oògùn fún un, hóró kan lóòjọ́, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ máa fò ó. Màmá kò fẹ́ràn ọsibítù, ó ti dìde, ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Ìgbà yẹn ni dókítà sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dúró gbọ́.

"Madam, oògùn yìí kì í bá ara àwọn mìíràn mu. Tí ẹ bá rí ohunkóhun lára wọn, tó ń yún wọn, tó sú jáde, tó pọ́n, tàbí tí ẹnu wọn dégbò, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ gbé wọn wá kíá, ẹ sì mú oògùn náà dání."

Mo sọ ọ́ fún Màmá nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ìrora ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wojú mi. Ó ní òun ti gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tá a délé, ó fọ́ oògùn náà sínú agolo rẹ̀, ó ju páálí nù, èmi náà sì mú un, mo fi wé léèsì funfun tó ṣẹ́kù lára bùbá rẹ̀.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀, Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àgbàlá, ó tún ń bá ayálégbé tó da omi ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n wọn òun fún bùbá tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Mo ta téèpù yí ọrùn rẹ̀ ká, ó sì ta gìrì.

"Rọra o! Abẹ́rẹ́ rẹ ti gún mi."

Kò sí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Nǹkan wínníwínní tó pọ́n ti sú láti ọrùn rẹ̀ lọ dé àyà, ara rẹ̀ sì gbóná. Ẹni tó bá ń wọn aṣọ fún ènìyàn mọ awọ ara rẹ̀ ju bí olúwarẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo mọ ọrùn Màmá, èyí kì í ṣe ooru rárá. Mo bi í bóyá ẹnu ń dùn ún.

"Ata ló ń ta mí lẹ́nu. Ata wọn ti yàtọ̀ báyìí."

Màmá tó ń jẹ ata rodo bí ẹni jẹ ẹ̀pà ló ń sọ pé ata ń ta òun. Ọ̀rọ̀ dókítà bọ́ sí mi létí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí."

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni Àǹtí wọlé. Àǹtí ni àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìkòsí ló ń gbé, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá sílé bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Ó wo ọrùn ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ fi ìtura hàn.

"Ah, a dúpẹ́ o. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Àrùn yẹn ló ń gba ara jáde yẹn."

Kì í ṣe Àǹtí nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí èéyi bá mú ọmọ nílé yẹn, ohun tí wọ́n máa ń gbàdúrà fún ni pé kó yọ síta tán, wọ́n ní èyí tó bá sá padà sínú ló ń pa ọmọ. Bí wọ́n ṣe wá gba ohunkóhun tó bá sú lára nìyẹn, pé inú ló ń fọ̀ mọ́. Àǹtí gbé ti èéyi, ó gbé e lé oògùn gáòtì lórí. Ó ní kí wọ́n fi àdín pa ara Màmá dáadáa, kí oògùn náà sì di àárọ̀ àti alẹ́, kó lè lé àrùn náà jáde kíákíá.

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ní tí nǹkan bá yọ lára wọn, ká dá a dúró."

"Dókítà wo? Ṣebí dókítà ní kí wọ́n má fò ó?"

"Dókítà kan náà ni. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ló sọ ọ́."

"Ta ló bá ẹ gbọ́ ọ?"

Mo wo Màmá. Màmá ń họra.

"Èmi ò gbọ́ ìyẹn o," ló wí.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ro ẹjọ́ fún un. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, fi Àǹtí sílẹ̀. Wọ́n ti rí nǹkan jù wá lọ." Inú bí mi gan-an. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọn kò sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyàwó ni mí, ìyàwó kì í sì í kọ́ àkọ́bí bí yóò ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún Màmá. Kété tí mo wọ yàrá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àdín. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Ètè rẹ̀ wú, ó bó, ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ ọn. Nǹkan wínníwínní àná ti so pọ̀, àwọn kan ti gba omi sínú. Níbi tí aṣọ ibùsùn ti fara kan èjìká rẹ̀, awọ ibẹ̀ ti ń ká kúrò bí awọ tòmátì tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Àǹtí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fi agolo wàrà sáàárín itan, ife omi wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, hóró funfun róbótó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Màmá ń gbìyànjú láti la ẹnu. Ẹnu lílà náà ń dùn ún débi pé omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ gbìyànjú, Màmá. Ó kù díẹ̀ kó jáde tán."

Mi ò rántí ibi tí mo gbé ẹ̀kọ sí. Ohun tí mo rántí ni pé mo já hóró yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fa agolo yọ láàárín itan rẹ̀. Ife dà nù. Àǹtí fi igbe bọnu.

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó yìí fẹ́ pa ìyá mi!"

Ayálégbé ya wọlé, àwọn mìíràn ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹnìkan ní kí n kúnlẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n kó oògùn Màmá fún wọn kí ọ̀rọ̀ parí. Mo di agolo mú mọ́ àyà, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ gba agolo yìí kó wá gbà á.

Màmá ló wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ha.

"Ìyàwó. Kó oògùn mi fún mi."

Ìyẹn ló le jù. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, mi ò tíì sọ pé rárá fún Màmá rí, àní lórí ọ̀rọ̀ apá bùbá tó máa ń sú mi.

"Mi ò ní kó o fún yín, Màmá. Tí ara yín bá yá, ẹ lé mi jáde nílé yín. Ṣùgbọ́n ara yín máa kọ́kọ́ yá ná."

Ọkọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti múra iṣẹ́. Mo yíjú sí i.

"Dádì, ṣé ẹ máa gbé wọn ni, àbí kí èmi gbé wọn?"

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo èjìká yẹn, ibi tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ara. Àǹtí ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra ká aṣọ ibùsùn mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gbé e. Ayálégbé wa kan tó ń fi mọ́tò ṣe takisí ti sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀.

Èmi gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Dókítà ní ká mú oògùn dání, ṣùgbọ́n inú agolo yẹn, funfun róbótó pọ̀ níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Mo fa dúrọ́ọ̀ yọ pátápátá, mo da òwú àti bọ́tìnnì sílẹ̀, mo ń tú páálí kiri títí mo fi rí èyí tí mo wé léèsì funfun mọ́. Mi ò dúró tú léèsì náà. Bó ṣe wà ni mo mú un wọnú ọkọ̀.

Ọsibítù ńlá ti ìjọba la gbé e lọ. Dókítà ọmọbìnrin kan wo Màmá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan kan pa á lára mọ́, ó wá béèrè oògùn tó ń lò. Mo gbé agolo fún un. Ó wo inú rẹ̀, ó wojú wa.

"Èwo nínú wọn?"

"Funfun róbótó ni," Àǹtí dáhùn.

Dókítà da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Funfun róbótó oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Mo na páálí mi sí i, ó fi ọwọ́ ti léèsì sápá kan, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó pe àwọn mìíràn wá, wọ́n ti Màmá wọlé. Nígbà tó padà jáde, tó gbọ́ pé Màmá kò lo ti àárọ̀ yẹn, ó bi wá pé ta ló ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró.

"Òun ni," ni Àǹtí wí, ó nàka sí mi bí ẹni ń fi ọ̀daràn han ọlọ́pàá.

"Èmi ni," mo ní.

"Ẹ ṣeun. Ká ní wọ́n tún lo ti àárọ̀ yìí..." Kò parí rẹ̀. Ó ní oògùn náà kì í ṣe oògùn burúkú, ara Màmá ni kò gbà á. Ó ní Màmá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé, òun àti ohunkóhun tó bá bá a tan, àti pé ibikíbi tá a bá gbé e lọ, ká kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Mi ò dárúkọ oògùn náà níbí, kì í ṣe pé mo ti gbàgbé. Ó ń wo ẹlòmíràn sàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún tìtorí ìtàn tèmi ju tirẹ̀ nù. Kí olúwarẹ̀ máa wo ara rẹ̀, kó sì bi dókítà tirẹ̀.

Màmá pẹ́ lọ́sibítù. Awọ ara rẹ̀ ṣí, ojú rẹ̀ kò lè wo ìmọ́lẹ̀, ìgbà kan wà tí ọkọ mi ń sunkún nínú balùwẹ̀ tó rò pé mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó yè é. Ó padà sílé, ó gbẹ, àmì funfun sì wà káàkiri ọrùn rẹ̀. Mo rán bùbá tuntun fún un láti inú aṣọ òwú múlọ́múlọ́, mi ò fi kọ́là sí i, mo sì yí ojú rírán rẹ̀ síta kó má baà máa họ ọ́ lára.

Àǹtí kò dúpẹ́. Ohun tó ń sọ fún ẹbí ni pé mo fi ìwọ̀sí lọ òun, pé wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, mi ò kúnlẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lórí rẹ̀, wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ níjọ́ náà, mo ní, "Ẹ má bínú pé ohùn mi lọ sókè. Ní ti oògùn tí mo gbà, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn." Mo dìde, mo padà sídìí máṣíìnì mi. Agolo wàrà yẹn, mo fọ̀ ọ́, mo sọ ọ́ di agolo bọ́tìnnì. Oògùn tó bá wọ ilé náà látìgbà yẹn, inú páálí rẹ̀ ló ń gbé títí tó fi máa tán. Àwọn ayálégbé pòṣé títí, ó sú wọn.

Màmá kò dá sí gbogbo rẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò bá mi jà. Nǹkan kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ mi, páálí yẹn tòun ti léèsì rẹ̀. Ó fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo rò pé léèsì ló wù ú.

Ó ti tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà tí orúnkún rẹ̀ wú. Èmi àti Àǹtí la gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn. Nọ́ọ̀sì kan dé pẹ̀lú hóró méjì nínú ìdérí ike kékeré kan. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Màmá ti pa ẹnu tirẹ̀ dé pinpin.

"Mama, ẹ gbé e mì. Oògùn ara ríro ni."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mama, you sef. Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ ṣe?"

"Màmá, ẹ lò ó jàre," Àǹtí ní, ojú ń tì í.

Màmá ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó mú páálí jáde, léèsì funfun ti di pípọ́n lára rẹ̀. Ó nà án sí nọ́ọ̀sì.

"Eléyìí ló bó mi láwọ. Lọ bi dókítà bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ò bá a tan. Lẹ́yìn náà, gbé páálí tìrẹ wá."

Nọ́ọ̀sì wo àmì ọrùn rẹ̀, ó gba páálí náà. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní dókítà ní wọn kò tan, ó sì na páálí tuntun náà sí Àǹtí tó jẹ́ àgbà. Màmá na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ Àǹtí kó tó dì í mú dáadáa, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, bá mi kà á. Kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."